Bí oògùn orí fífọ́ ṣe di oògùn ọkàn

Ẹ wá sáṣẹ́ẹ̀tì Alábùkún kan. Kò ṣòroó rí. Ní Òkè-Sopen níbí, kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ẹ máa yà sí tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀, láàrin máágì, àbẹ́là àti ìṣáná. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: acetylsalicylic acid 760 mg, caffeine 60 mg. Èyí àkọ́kọ́, tó dà bí orúkọ tí tíṣà kẹ́mísírì fi ń dẹ́rù ba ọmọ iléèwé, ásípírìn ni. Èkejì ni nǹkan inú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Màmá mi kì í rìnrìn àjò láìfi méjì sínú báàgì. Orí fífọ́, ara ríro, ẹ̀yìn dídùn, Alábùkún ni. Mo mọ àwọn tó ń dà á sínú mínírà kí wọ́n tó mu ún. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni pé ásípírìn inú bébà yẹn kan náà, ní ìwọ̀n tó kéré sí i, ni dókítà kárí ayé máa ń sáré ní kí ẹni tí heart attack ṣẹ̀ṣẹ̀ mú rún lẹ́nu.

Láti 1918 ni ásípírìn Alábùkún ti wà lápò wa. 1988 ni ayé tó mọ̀ dájú pé ásípírìn ń gba ẹ̀mí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú lọ là. Àádọ́rin ọdún ló wà láàrin méjèèjì. Kì í ṣe oògùn ló pẹ́ dé. Ẹni tó máa ka iye àwọn tó kú àti iye àwọn tó yè ló pẹ́ dé. Ìtàn kíkà yẹn ni mo fẹ́ sọ, àti bí wọ́n ṣe fo àwa tiwa nígbà tí wọ́n ń kà.

Ásípírìn kò bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1763, àlùfáà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone, kọ lẹ́tà sí Royal Society pé òun lọ èèpo igi willow, òun sì fi wo ibà. Èyí kò lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ẹ ṣí ìkòkò àgbo tó wà nílé yín, èèpo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ni láti yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ kúrò lára igi. Ní August 1897, Felix Hoffmann, tó ń ṣiṣẹ́ fún Bayer ní Jámánì, ṣe acetylsalicylic acid tó mọ́ gaara.

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni ti Heinrich Dreser, ọ̀gá tó ń dán oògùn wò ní Bayer. Òun ló kọ́kọ́ ti ásípírìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló ní ó ṣe? Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ọkàn di aláìlera. Ọkàn o! Oògùn tí ọkàn nílò jù lọ, torí ọkàn ni wọ́n ṣe fẹ́ da á nù. Lásìkò yẹn kan náà, heroin ni Dreser ń gbé gẹ̀gẹ̀.

Wọ́n padà gbà, wọ́n sì forúkọ Aspirin sílẹ̀ ní 1899. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ Bayer ní 1915. Ẹni tó bá wù ú lè máa ṣe é, kó sì máa pè é ní ásípírìn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í di tirẹ̀ sínú bébà. Mi ò sọ pé torí èyí ni ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Jacob Sogboyega Odulate lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú ni, Abẹ́òkúta ló fi ṣe ilé. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Blessed Jacob, ibẹ̀ ni Alábùkún ti wá. Ó mọ ọjà tà: ó ń tẹ kàlẹ́ńdà Alábùkún, ó ń pín in káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí orúkọ oògùn rẹ̀ fi wà lára ògiri ẹni tí orí kò tíì fọ́. Ká ní ayé òde òní ló wà ni, wọn ì bá máa pè é wá sí ìpàdé àwọn onístartup láti wá sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Fọlákẹ́ Ṣóláńkẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN ní Nàìjíríà, ní 1981. Èèyàn lè kọ ìwé odindi lórí ìdílé yìí nìkan, kí ó máà kan ọ̀rọ̀ ọkàn rárá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn la wá sọ, ó sì yẹ kí n dúró díẹ̀ ṣàlàyé ohun tí heart attack jẹ́, torí púpọ̀ nínú wa rò pé ìgbà tí ọkàn bá ṣàdédé dúró ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn fúnra rẹ̀ ẹran ni, ó nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lára rẹ̀ ló sì ń gbé e wá fún un. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn òpó yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìdọ̀tí ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù omi. Lọ́jọ́ kan, ibi tí ọ̀rá ti wú á ya. Ara á rò pé ọgbẹ́ ni. Kíá, àwọn platelet á ti rọ́ dé.

Platelet ni nǹkan kékeré inú ẹ̀jẹ̀ tí Giulio Bizzozero, dókítà ará Ítálì, ṣàpèjúwe ní 1882. Iṣẹ́ wọn ni láti dí ojú ọgbẹ́. Tí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́, àwọn ló ń so mọ́ ara wọn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nínú òpó tí kò fẹ̀ ju ike tí a fi ń fa mínírà lọ, iṣẹ́ rere yẹn ló ń pa èèyàn. Wọ́n á dí ọ̀nà, ẹran ọkàn tó wà níwájú ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ. Kódù tó ń ṣe ohun tí wọ́n kọ ọ́ fún gẹ́lẹ́, níbi tí kò yẹ kó ti ṣe é. Àwa tó ń kọ sọ́fítíwíà mọ irú bug bẹ́ẹ̀, òun ló máa ń ṣòroó rí jù.

Ohun tí ásípírìn ń ṣe ni pé ó wọ inú platelet, ó sì ba ohun èlò kan jẹ́ níbẹ̀, èyí tí platelet fi ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Platelet kò ní nucleus, ìyẹn ni pé ìlànà àtiṣe ohun èlò mìíràn kò sí lára rẹ̀. Torí náà, platelet tí ásípírìn bá ti kàn, ó ti kàn án nìyẹn títí tí platelet náà fi máa kú, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n bíńtín lójúmọ́ fi tó.

Kò sẹ́ni tó mọ èyí ní 1918. Ẹni tó fura níbẹ̀rẹ̀ ni Lawrence Craven, dókítà àdúgbò kan ní Glendale, California. Ó máa ń gé tonsil fún àwọn èèyàn, wọ́n á sì máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tó ní ásípírìn nínú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dùn wọ́n jù. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù náà ní àjẹjù, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá. Ó wá bi ara rẹ̀ pé tí nǹkan yìí kò bá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lọ́fun, ṣé ó máa jẹ́ kó dì lọ́kàn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọkùnrin tó ti tó ẹni ọdún 45 sókè, tí wọ́n sanra, tí wọn kì í rìn, ní ásípírìn lójoojúmọ́. Ní 1956, ó kọ̀wé pé nǹkan bí 8,000 ni òun ti fún, àti pé òun ò rí ìkankan nínú wọn tí heart attack mú.

Mississippi Valley Medical Journal ló gbé e jáde, ìwé tí àwọn dókítà ńláńlá kì í kà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ṣe mí láàánú, àmọ́ mo mọ ìdí. Kò ní ẹgbẹ́ kejì, àwọn 8,000 mìíràn tí wọn ò fún ní nǹkan kan, tí èèyàn lè fi àwọn ti àkọ́kọ́ wé. Tí ẹ bá yí àwọ̀ bọ́tìnì kan padà lórí app yín, tí oníbàárà wá pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn, ṣé bọ́tìnì ló fà á ni àbí owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Láìsí ẹgbẹ́ kejì, ìtàn lásán lẹ ń sọ, kódà kó jẹ́ òótọ́. Craven kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Heart attack ló pa á, ní 1957.

Ní 1971, John Vane ní London ṣàlàyé bí ásípírìn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ní 1974, Peter Elwood, Archie Cochrane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cardiff ṣe ohun tí Craven kò ṣe. Wọ́n kó ọkùnrin 1,239 tí heart attack ti mú rí, wọ́n ṣẹ́ kèké: àwọn kan gba ásípírìn, àwọn yòókù gba hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Ikú dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó gba ásípírìn, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Èèyàn 1,239 kò tó.

Ìdánwò tó parí ìjà náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní ISIS-2, Oxford ni wọ́n ti darí rẹ̀. (Orúkọ yẹn kò tíì ní ìtumọ̀ burúkú nígbà náà.) Èèyàn 17,187 ló wọlé sí i, láti ilé ìwòsàn 417 ní orílẹ̀-èdè 16, gbogbo wọn jẹ́ àwọn tí wọ́n fura pé heart attack mú láàrin wákàtí 24. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan gba ásípírìn 162.5 mg lójúmọ́ fún oṣù kan. Àwọn kan gba streptokinase, oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Àwọn kan gba méjèèjì. Àwọn kan kò gba ìkankan. Èsì jáde nínú The Lancet ní August 1988. Láàrin ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nínú gbogbo 100 tí kò gba ásípírìn, 11.8 ni àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Nínú 100 tó gbà á, 9.4. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba oògùn méjèèjì, 8.0 ló kú. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba ìkankan rárá, 13.2.

Ó lè dà bíi pé 11.8 sí 9.4 kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: nínú 1,000 èèyàn, 24 ló ń rìn padà wálé tí ìdílé wọn ì bá máa wá pósí fún. Oògùn tí owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì ló ṣe é.

Apá kan wà nínú ISIS-2 tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá ń kọ́ ní iṣẹ́ dátà. Wọ́n ní kí àwọn olùwádìí náà pín èsì sí ẹgbẹ́ wẹ́wẹ́, bóyá oògùn náà ṣe àwọn kan lóore ju àwọn kan lọ. Wọ́n pín in, àmọ́ wọ́n fi ìràwọ̀ ìbí kún un. Ó jáde pé ásípírìn kò ṣe àwọn tí wọ́n bí sábẹ́ Gemini àti Libra lóore kankan! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá gé dátà wẹ́wẹ́ jù, ohun tí kò sí ló máa rí.

Kí ni wọ́n wá ń sọ lọ́dọ̀ tiwa ní gbogbo àsìkò yìí? Wọ́n ń sọ pé heart attack kì í ṣe àrùn èèyàn dúdú.

Àwọn tó sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. G. M. Edington, dókítà tó ń ṣàyẹ̀wò òkú ní Accra, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn nígbẹ̀yìn, kọ̀wé ní 1954 lórí àrùn ọkàn tó ń pa àwọn ará Gold Coast, irú èyí tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń dí kò sì wọ́pọ̀ nínú ohun tó rí. Ní East Africa, ní 1956, Trowell àti Singh kọ odindi àkọsílẹ̀ ìṣègùn lórí aláìsàn kan ṣoṣo, torí pé ọmọ Áfíríkà ni, òpó ọkàn rẹ̀ sì dí. Ẹ rò ó wò: ẹnì kan péré, ó di ìròyìn. Ní 1973, Ayọ̀délé Falase, Cole àti Ọ̀ṣúntókun kọ tiwọn láti Ìbàdàn lórí heart attack lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, nígbà tó ṣì jẹ́ ohun tí dókítà ń tọ́ka sí pé ẹ wá wo nǹkan.

Mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sóko, sìgá kò tíì pọ̀, àwọn púpọ̀ sì ń kú kí wọ́n tó dé ọjọ́ orí tí ọ̀rá fi ń dí òpó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń kà. Òkú tó dé ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni wọ́n ń là wò. Bàbá tó ṣubú lulẹ̀ nínú oko obì lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1960, ta ló la àyà tirẹ̀ wò? Wọ́n sin ín, àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn kan ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Kò sí log.

Gbólóhùn yẹn wá dà bí cache tí wọ́n gbàgbé láti sọ di tuntun. Ìdáhùn tó tọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ló ń jáde fún gbogbo ẹni tó bá béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú kún, ọ̀kadà dé, nọ́dù àti mínírà dé gbogbo kọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru gbilẹ̀, ìdáhùn kan náà ṣì ń jáde.

Ní 2004 ni INTERHEART gbé èsì tirẹ̀ jáde, ìwádìí tí Salim Yusuf darí ní orílẹ̀-èdè 52. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé apá ti Áfíríkà jáde: 578 èèyàn tí heart attack àkọ́kọ́ mú, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà àti Benin wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n rí? Ohun márùn-ún ló wà nídìí nǹkan bí 90 nínú 100: sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn tó yọ, àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan náà tó ń pa òyìnbó. Lára àwọn èèyàn dúdú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló tún burú jù. Ara wa kò ní ààbò kankan tí ti àwọn yòókù kò ní.

Àmọ́ ẹ dúró níwájú kẹ́míìsì kan ní Òkè-Sopen ní alẹ́ ọjọ́ ọjà, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àyà ń dùn mí. Gáàsì ni. Ó ń fún mi pa. Ulcer ni, ṣé ẹ ti jẹun? Bàbá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mu oògùn gáàsì fún ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin kò mọ́ bá a. Mi ò lè sọ fún yín pé heart attack ni, torí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo ń wí nìyẹn gan-an. Tí wọ́n bá ń ka iye àwọn tí heart attack pa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, kò ní sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wá tìtorí ohun tí mo kọ yìí lọ ra páálí Alábùkún o. 760 mg ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí wọ́n fún àwọn èèyàn ISIS-2 lọ, ásípírìn sì ń mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá inú tó ti ní egbò tẹ́lẹ̀. Wọn kì í fún ọmọdé. Èyí tó tún léwu jù ni ti rọpárọsẹ̀. Ìwádìí SIREN, tí Máyọ̀wá Owólabí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, tó jáde ní 2018, kó àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú tó lé ní 2,000 jọ. Nínú 100, 32 ló jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ lágbárí wọn, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ásípírìn, epo lẹ bù síná. Láìlo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán agbárí, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Ọdún 2018 yẹn náà ni ìdánwò ńlá mẹ́ta jáde lórí àwọn tí àrùn ọkàn kò tíì mú rí: ẹ̀jẹ̀ tí ásípírìn ń mú dà láìdá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo oore rẹ̀ rẹ́ lára wọn. Ohun tí Craven ń ṣe ní Glendale, dókítà kì í ṣe é fún gbogbo ayé mọ́.

Ẹni tí àyà ń fún pa bí ìgbà tí wọ́n gbé àpò símẹ́ǹtì lé e, tó ń wọ apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òógùn tútù ń bò, ibi tí ẹ̀rọ ECG wà ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn gáàsì. Kí ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò dání. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ìyẹn lè túmọ̀ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí kí ẹ gba ibẹ̀ kọjá dé Ṣágámù. Yunifásítì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Àgọ́-Ìwòyè, àmọ́ Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Lóru, ọ̀nà yẹn gùn.

Lẹ́yìn ásípírìn, oògùn mìíràn dé tó ń ti ilẹ̀kùn kejì lára platelet. Clopidogrel ni, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Plavix. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1997. Ní 2001, ìdánwò CURE fi í kún ásípírìn fún àwọn tí òpó ọkàn wọn ń dí lọ: nínú èèyàn 12,562, ikú ọkàn, heart attack mìíràn àti rọpárọsẹ̀ lọ sílẹ̀ láti 11.4 nínú 100 sí 9.3, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà gidi lọ sókè láti 2.7 sí 3.7. Ní 2015, àjọ WHO fi clopidogrel sára àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní.

Wàhálà kan wà níbẹ̀. Clopidogrel tí ẹ gbé mì kì í ṣe oògùn síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di oògùn, jíìnì kan tó ń jẹ́ CYP2C19 ló sì kọ ìlànà iṣẹ́ náà. Ẹ̀dà jíìnì yẹn kan wà tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ bá fún ní ẹ̀dà òkú yẹn, ó kàn ń gbé hóró mì ni. Ní March 2010, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sínú àpótí dúdú sára ìwé oògùn náà. Ìpínlẹ̀ Hawaii pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tà á lẹ́jọ́ ní 2014 pé wọn ò jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀, torí pé ẹ̀dà òkú yẹn wọ́pọ̀ lára àwọn ará Éṣíà àti àwọn ará erékùṣù tó ń gbé níbẹ̀. Ní 2024, adájọ́ ní kí wọ́n san ohun tó lé ní 900 mílíọ̀nù dọ́là.

Àwa ńkọ́? Ibí yìí ni ìtàn ti yí bìrí, torí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti kà wá. Ní 2002, iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ láti ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ aráyé. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀. Charles Rotimi àti Clement Adébámọ̀wọ́ wà lára àwọn tó darí ti Ìbàdàn. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gba àṣẹ. 90 èèyàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ilé 30, ló wà nínú àkọsílẹ̀ tó jáde ní 2005. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA18 tàbí NA19 nìkan ni. Yorùbá ní Ìbàdàn ni wọ́n ní kí ayé máa pè wọ́n, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe aṣojú gbogbo Áfíríkà, kódà gbogbo Yorùbá. Irú kíkà tó wù mí nìyẹn.

Fáìlì yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà, mo wá ibi tí CYP2C19 wà. Nínú gbogbo 100 ẹ̀dà jíìnì yẹn lára àwọn ará Ìbàdàn náà, ó tó 15, ó tún lé díẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀dà òkú. Ẹ̀dà mìíràn tún wà tó ń ṣiṣẹ́ ní àṣejù, tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣòroó dá. Ìyẹn lé ní 20 nínú 100. Kì í ṣe ìràwọ̀ Gemini lèyí o. Ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn ni, èèyàn sì lè fi àyẹ̀wò kan mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì mo yà ní kẹ́míìsì kan tó sún mọ́ ọjà. Wọ́n ní clopidogrel, èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó ń tajà níbẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti mú èsì àyẹ̀wò jíìnì wá rí kó tó rà á. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Káàdì kan lẹ fẹ́ ni, àbí méjì?"